Síìpù Ẹ̀yìn Kánkán

Ẹni tó bá sọ fún yín pé bákan náà ni gbogbo síìpù, ẹ má bá a jiyàn, ẹ ṣáà má gbé aṣọ òmùwẹ̀ fún un tún ṣe. Èyí tó wà lára ṣòkòtò yín, bó bá já, ẹ ó fa ẹ̀wù bò ó, ẹ ó sì máa bá tiyín lọ. Èyí tí èmi ń tún ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín rẹ̀ nípọn, rọ́bà ni wọ́n fi yí etí rẹ̀ ká, tó bá sì ti padé dáadáa, afẹ́fẹ́ gan-an kì í ráyè kọjá níbẹ̀, ká má tíì sọ ti omi. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi tútù ló ń wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wọ aṣọ òtútù sínú, wọ́n á wọ èyí lé e lórí, wọ́n á sì wọnú omi lọ, omi ò ní kan ara wọn, àfi ojú àti ọwọ́. Tí síìpù yẹn bá wá lóun ò ṣe mọ́ nísàlẹ̀ omi, kò sí ẹ̀wù tí wọ́n fẹ́ fà bò ó.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, mo sì ti ń ṣe é kí n tó bí àwọn ọmọ mi méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù mi ò ju yàrá kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, iná kan tàn sórí rẹ̀, agolo gọ́ọ̀mù wà, abẹ wà, ṣọ́ọ̀kì wà, àwọn aṣọ òmùwẹ̀ sì wà lórí ìkọ́ lára ògiri, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé àwọn èèyàn ló dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń retí bọ́ọ̀sì. Àwọn oníbàárà mi ní mo máa ń pariwo jù. Irọ́ kọ́. Ẹni tó ká aṣọ rẹ̀ bí ìwé, tó tì í sábẹ́ àga ọkọ̀, tí síìpù wá ṣẹ́ níbi tó ti ká a, tó tún ń bi mí pé "Ìyá, kí ló fà á?", ṣé kí n máa rẹ́rìn-ín sí i ni?

Obìnrin ni àwọn ọmọ mi méjèèjì, òmùwẹ̀ sì ni wọ́n. Èyí ẹ̀gbọ́n, Kánkán là ń pè é nílé, torí láti kékeré ni kò ti lè dúró de ohunkóhun. Tíì tó bá ṣì ń hó ló máa ń mu, á wá máa fi ọwọ́ fẹ́ ahọ́n rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá rán Jẹ́jẹ́ níṣẹ́, ẹ lọ sùn. Tẹ́ ẹ bá jí, ẹ ó bá a pé ó ti ṣe é, kò sì ní síbi tí ẹ ó fọwọ́ tọ́ka sí pé kò dáa. Bàbá wọn máa ń sọ pé ká ní a lè po àwọn méjèèjì pọ̀ ká sì tún wọn pín, à bá ní èèyàn gidi méjì. Ìwọ̀nba ohun tó máa ń dá sí nínú ọ̀rọ̀ wa nìyẹn, á sì padà sídìí rédíò rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń yẹ ìdí ọkọ̀ ojú omi wò, wọ́n ń kó pàǹtí kúrò lẹ́nu irin tó wà ní ìsédò, ògiri tí wọ́n fi dá odò dúró, ohun tí ẹnì kan ò sì lè dá ṣe ni. Ẹ̀yìn ni síìpù aṣọ wọn wà, láti èjìká kan dé ìkejì, kò sí bí èèyàn ṣe lè tì í fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ní láti dúró sẹ́yìn rẹ, kó fi ọwọ́ kan di aṣọ mú, kó fi ìkejì fa orí síìpù lọ gbọọrọ, títí á fi jókòó sínú rọ́bà kékeré tó wà ní òpin. Tó bá ku bí ìbú èékánná kó dé ibẹ̀, bí ẹni pé wọn ò tì í rárá ni. Jẹ́jẹ́ ló ń tì í fún Kánkán, Kánkán náà ló ń tì í fún Jẹ́jẹ́, látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìsédò ṣẹlẹ̀. Òtútù mú gan-an lásìkò yẹn, omi tutù débi pé tó o bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, egungun ni yóò máa dùn ọ́. Kánkán wà nísàlẹ̀, ó ń fa ẹ̀ka igi tó há sẹ́nu irin, ni omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé òógùn ni. Nígbà tó wá mọ̀ pé omi ni, iṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ parí, ẹ sì ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ní kóun parí ẹ̀ ná. Ìgbà tó fi máa fa okùn pé kí wọ́n gbé òun sókè, ọwọ́ rẹ̀ ti kú tipiri, aṣọ ti kún fómi, ó ti wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Jẹ́jẹ́ àtàwọn tó wà lórí ọkọ̀ ló fà á jáde. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ yẹn níwájú, láti ọrùn dé ìdodo, torí kò sáyè à ń tú síìpù. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò sì lè pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ó yè é, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó lajú, tó rí àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ṣé o tì í dé òpin?"

Jẹ́jẹ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára èmi tí mo wà láàárín wọn níbẹ̀, tí mo fẹ́ gbá ọ̀kan létí, tí mo fẹ́ gbá ìkejì mọ́ra, tó jẹ́ pé ẹni tí mo fẹ́ gbá létí gan-an ni wọ́n ń fi omi sí lára.

Kánkán ò bi í ní ìbéèrè yẹn mọ́ o, kò sì sọ pé òun ò bi í mọ́. Bó ṣe wà nìyẹn. Jẹ́jẹ́ ò wọ omi mọ́. Ó lọ gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta gílóòbù àti wáyà iná, ó di ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tán tó tún ń padà lọ wò ó, tó ń pa iná gáàsì tó tún ń padà lọ fọwọ́ kàn án. Tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pàdé nílé wa, wọ́n á kí ara wọn bí àwọn tó jọ wà lórí ìlà ní báńkì. Bàbá wọn ní ká fi wọ́n sílẹ̀, pé á lọ tó bá yá. Mo sọ fún un pé òjò kọ́ lèyí tó máa dá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ara Kánkán wá mókun dáadáa, tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé aṣọ yẹn wá fún mi nínú àpò tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti jù ú sí látọjọ́ náà. Kò tiẹ̀ tú àpò náà wò. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi yọ síìpù ẹ̀yìn. Wọ́n kúkú ti gé iwájú. Kẹ́ ẹ fi tuntun síbẹ̀, láti èjìká wá sí ìbàdí. Mo fẹ́ máa tì í fúnra mi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Jẹ́jẹ́ gbé tiẹ̀ wá, ó ti nù ún, ó ti fi ìda pa eyín síìpù rẹ̀, ó ti kó o jọ bó ṣe yẹ kí wọ́n kó o jọ. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wá ẹni tó máa rà á."

Mo gba méjèèjì, mo gbé wọn kọ́. Tí mo bá ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kánkán á máa dá ti aṣọ rẹ̀, á máa dá lọ. Jẹ́jẹ́ á máa ta gílóòbù, á sì dàgbà dàrúgbó pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọwọ́ òun ló fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n òun. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ọmọ tí kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ láìparí.

Mo tú aṣọ Kánkán jáde nínú àpò, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé síìpù náà ṣì wà ní títì. Kí ni ì bá tú u? Iwájú ni wọ́n ti gé aṣọ. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe tì í lọ́jọ́ náà ló ṣe wà, ẹrẹ̀ ìsédò ti gbẹ mọ́ ọn lára, orí síìpù sì jókòó sínú rọ́bà òpin pátápátá. Mo fi iná wò ó. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Kò sí àyè tí bébà lè gbà kọjá. Mo pariwo "Jẹ́jẹ́!" nínú ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni pé ó wà níbẹ̀.

Mo pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá."

"Kí ni 'ẹ ṣeun'? Mo ní ó dé òpin!"

"Ìyá mi ni yín. Kí lẹ tún fẹ́ sọ? Ẹ lè ti tì í parí fúnra yín kẹ́ ẹ tó pè mí."

"Èmi? Èmi, kí n fi síìpù parọ́?"

"Màmá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó dàbọ̀."

Mo jókòó. Mo bú u, mo bú ẹni tó bí i, mo rántí pé èmi ni.

Ó wá ku ibi tí omi gbà wọlé. Mo fi afẹ́fẹ́ gbígbóná mú gọ́ọ̀mù àtijọ́ rọ̀, mo fi abẹ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, mo ṣí síìpù náà kúrò lára aṣọ, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ iná. Eyín òkè dára, wọn ò ní àlébù. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ló ti gbó: wọ́n ń dán, wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní ìtòsí èjìká, rọ́bà tó wà lẹ́yìn wọn sì ti là tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ojú kì í dé. Ibẹ̀ ni omi gbà. Síìpù tó bá kàn gbó kì í gbó báyẹn, tòkè tìsàlẹ̀ ló máa ń gbó pọ̀. Ẹnì kan ti ń fà á wálẹ̀ dípò kó fà á lọ gbọọrọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbé abẹ sílẹ̀. Kánkán ga, Jẹ́jẹ́ kúrú. Ẹni tó kúrú, tó ń nawọ́ sókè fa nǹkan, ibo ló máa fà á sí? Mo dìde, mo tún jókòó. Mo ti fẹ́ pe Kánkán pé kó wá wo ohun tí mo rí, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ṣé kí n wá pè é kó wá rí i pé lóòótọ́, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló bà á jẹ́, kó kàn jẹ́ lọ́nà míì? Mo ká síìpù yẹn rọra sínú aṣọ ìnujú, mo fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Mi ò sọ fún bàbá wọn pàápàá.

Kánkán wá kí n wọ̀n ọ́n fún síìpù iwájú. Mo ní kó wọ aṣọ àlòkù kan tó wà lára ògiri, èyí tí síìpù rẹ̀ wà lẹ́yìn, kí n lè fi ṣọ́ọ̀kì fa ibi tí tuntun máa gbà kọjá. Èmi ni mo tì í fún un. Mo fa ṣọ́ọ̀kì láti èjìká wá sí ìbàdí, mo ní kó tẹ̀ síwájú, kó ká apá, kó bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tó wà lórí iná. "Ṣé ó tán? Màmá, ṣé ó tán?" Bí mo ṣe ń sọ pé ó tán, oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn ìta, mo lọ dá a lóhùn. Ó ti wọ́ aṣọ rẹ̀ nílẹ̀, ó lóun ò mọ ìdí tó fi ya. Mo bá a wí bó ṣe tọ́, ó sì pẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí mo padà wọlé, ẹ wo ohun tí mo bá. Kánkán ti mú okùn tí mo fi ń di páálí, ó ti so ó mọ́ orí síìpù ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ẹnu kejì kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó sì ń rìn lọ sí apá kejì yàrá bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já okùn. Síìpù náà ń ṣí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké kírírí.

"Kánkán, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń bọ́ aṣọ ni. Ẹ pẹ́ jù níta."

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Orí ara mi ni mo lò." Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn. "Lórí ọkọ̀, òpó kan wà tó ní ìkọ́. Tá a bá ti jáde nínú omi, màá kàn fi okùn kọ́ ọ, màá rìn síwájú. Kí Jẹ́jẹ́ tó ṣe tán pẹ̀lú gbogbo nǹkan tó ń nù, mo ti bọ́ tèmi, mo ti ń mu tíì."

"Ṣé Jẹ́jẹ́ mọ̀?"

"Ó ti bá mi wí títí. Mo kàn ń ṣe é nígbà tó bá yíjú síbòmíì ni."

"Látìgbà wo?"

"Ó pẹ́." Ó wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Màmá, kí ló dé?"

Mo mú síìpù jáde lábẹ́ tábìlì, mo tú aṣọ ìnujú, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ iná. Ọmọ tó dàgbà sídìí tábìlì yìí ni, kò sóhun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún un. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ eyín òkè lọ, kò rí nǹkan kan. Ó fi tọ ti ìsàlẹ̀, nígbà tó dé ìtòsí èjìká, ó dúró. Ó yíjú wo ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó wo bí okùn ṣe rọ̀ wálẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ó ní, "Òpó ọkọ̀ yẹn, kò ga ju ìbàdí mi lọ."

"Ehn."

Ó wá wo òpin síìpù, níbi tí orí rẹ̀ ṣì jókòó sínú rọ́bà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó gbẹ yí i ká. "Ó tì í dé òpin," ó wí. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èérún rọ́bà, pẹ̀lú aṣọ tó bọ́ dé ìdajì, ó sì bú sẹ́kún. Inú mi ń dùn, inú sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ gbà láàyè. Mo jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Orí mi ò tíì pé nígbà tí mo bi í léèrè yẹn, Màmá. Ṣùgbọ́n ó padà pé. Ó pé, mi ò sì sọ nǹkan kan. Mo rò pé òótọ́ ni."

"Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún."

"Mo mọ̀." Ó nu imú rẹ̀. "Ẹ má fi síìpù síwájú mọ́. Ẹ dá a padà sẹ́yìn."

"Iwájú tí wọ́n gé ńkọ́?"

"Ẹ lẹ̀ ẹ́ pa."

Ọjọ́ kejì ló mú Jẹ́jẹ́ wá. Mi ò mọ ohun tó fi tàn án dé ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́jẹ́ ṣì wọ ẹ̀wù ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé. Kánkán ò ṣe ọ̀rọ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ó gbé síìpù lé e lọ́wọ́, ó ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́. Okùn yẹn, tó o ní kí n yé lò. O tì í dé òpin, èmi ni mo sọ ọ́ di ẹlẹ́bi. Má bínú."

Mo rò pé wọ́n á dì mọ́ra wọn. Mo ti ń wá ibi tí mo máa yíjú sí. Jẹ́jẹ́ yẹ síìpù náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ mọ̀ pé kì í kánjú, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, ohùn tó jáde, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti inú ọmọ yẹn.

"Ìwọ! O mọ̀ pé mi ò kì í sùn? Mo máa ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa fi ọwọ́ mi ṣe é nínú afẹ́fẹ́, màá máa fà á, màá máa bi ara mi pé ṣé mo gbọ́ nígbà tó wọlé. O fi mí sílẹ̀ báyẹn! O wà níbí, ò ń jẹ búrẹ́dì nílé ìyá mi, o fi mí sílẹ̀ báyẹn!"

Kò sọ "ìwọ" sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Èmi tí mo máa ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí lójú títì nítorí irú ẹ̀, mo wo agolo gọ́ọ̀mù, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Kánkán dúró gbà á, kò gbèjà ara rẹ̀. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ sọ tán, ó yíjú padà, ó lọ.

"Ó dáa," Kánkán wí lẹ́yìn tó ti lọ. "Ó kéré tán, ó bá mi sọ̀rọ̀."

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Síìpù ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tí ọwọ́ méjì lè dá fi sí, ẹnì kan á nà án, ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Kánkán ló sì bá mi nà án. Mo fi ẹ̀mú fa ibi tí wọ́n gé náà pọ̀ níwájú, mo lẹ rọ́bà mọ́ ọn nínú lóde. Lẹ́yìn náà a yí i padà, a fọ ẹ̀yìn mọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun gọ́ọ̀mù sí aṣọ, mo kùn ún sí etí síìpù tuntun. Èèyàn ní láti dúró kó gbẹ. Lẹ́yìn náà á tún kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, á tún dúró, títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ tó o bá fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá kánjú lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù, á rò pé òun ti rí i ṣe, omi á fi hàn án lẹ́yìn ọ̀la.

"Ṣé ó ti gbẹ?"

"Kò tíì gbẹ."

"Báyìí ńkọ́?"

"Kánkán, jókòó sórí ọwọ́ rẹ."

Ó jókòó sórí ọwọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn. Nígbà tó tó àkókò, ó na síìpù láti èjìká dé èjìká, mo tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó má bàa hunjọ níbì kan. A fi sílẹ̀ kó gan.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ dán an wò ní èbúté, mo pe Jẹ́jẹ́. Mo sọ àkókò tí a máa wà níbẹ̀ fún un, mo sì gé fóònù kó tó sọ pé òun ò wá. Àtẹ̀gùn òkúta kan wà níbẹ̀ tó wọ inú omi lọ, ibẹ̀ ò jìn, àyà lomi ń mu èèyàn. Afẹ́fẹ́ tutù. Kánkán wọ aṣọ òtútù, ó wọ aṣọ àtijọ́ tó ti di tuntun lé e, ó kó apá síwájú, ó dúró. Mo rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀ láti tì í.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀."

"Òtútù ń wọlé sí ẹ lẹ́yìn."

"Ẹ fi sílẹ̀. Mò ń retí ẹnì kan."

Jẹ́jẹ́ wá. Ó dúró jìnnà, lẹ́bàá àwọn páálí ẹja, ó ká apá mọ́ àyà. Kánkán ò pè é. Ó yíjú sómi, ó kọ ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ sí i, ó sì dúró síbẹ̀ títí tí etí rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ lórí òkúta.

Ó gba ìda lọ́wọ́ mi, ó pa á sí eyín síìpù, ó fi ìka ti òwú aṣọ òtútù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa há síbẹ̀. Ó di aṣọ mú, ó fa orí síìpù gbọọrọ, kò wálẹ̀, kò lọ sókè, ó dé òpin. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó sún sẹ́yìn, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá bá mi wò ó. Mi ò mọ̀ bóyá ó dé òpin. Ẹ bá mi wò ó."

Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Kánkán ti gbọ́. Kò jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rìn wọnú omi, ó tẹ orí bọ̀ ọ́, omi sì bò ó mọ́lẹ̀.

"Àǹtí mi!" Jẹ́jẹ́ sáré dé etí omi, bàtà ibi iṣẹ́ rẹ̀ wọ omi. "Àǹtí mi, ẹ jáde! Orí yín ò pé! Wọn ò tíì wò ó! Ẹ jáde ńbẹ̀!"

Kò jáde. Èémí rẹ̀ ń hó sókè láti ìsàlẹ̀, a sì dúró síbẹ̀, èmi àti Jẹ́jẹ́, ó di apá mi mú tó fi dùn mí. Ìgbà tó wù Kánkán ló yọ orí. Ó gun àtẹ̀gùn wá, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ó lọ yí ẹ̀yìn sí àbúrò rẹ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá.

"Tú u," ó wí. "Kó o fọwọ́ wò ó fúnra rẹ."

Jẹ́jẹ́ tú u. Ó ki ọwọ́ bọ inú aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, Kánkán fò sókè, ó ké, ṣùgbọ́n kò kúrò. Jẹ́jẹ́ fọwọ́ wo èjìká, ó wo abẹ́ apá, ó wo gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn dé ìbàdí, ó tún wo ibi tó ti wò. Ó gba àkókò. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́ jáde, ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Ó gbẹ," ó wí. "Màmá, ó gbẹ."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ń sunkún, kò sì tì mí lójú. Kánkán ti ń fa apá rẹ̀ yọ nínú aṣọ, pé òtútù ń mú òun, pé ta ló gbé tíì dání. Jẹ́jẹ́ di èjìká aṣọ náà mú.

"Ẹ má tíì bọ́ ọ," ó wí. "Ẹ wọ̀ ọ́ padà. Mo fẹ́ tún tì í."